Àpò Ẹ̀pà Onílà Pupa

Sìdíkátù ni orúkọ màámi. Ẹ̀pà ni wọ́n tà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi tà á ní Ìkọ̀tún, ojú kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa wọ́n. Nígbà tí aráàlé gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ni, wọ́n ní ọtí ni màámi ń mu. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ fọ̀ kúrò lára wọn.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà tí wọ́n fi wọ Èkó. Bàbá wa kú nígbà tí Mubarakah, àbúrò mi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Látìgbà náà, ẹ̀pà ló bọ́ wa. Ẹ̀pà ló ra aṣọ ọdún. Nígbà tí mo ní mi ò lọ sílé ìwé mọ́, pé iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fẹ́ kọ́, wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Múdà, kó o rí i pé ògiri ẹ gún o. Ògiri tó bá wọ́, gbogbo ayé ló ń rí i."

Wọ́n mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìkọ̀tún. Bí wọ́n bá ti kírun àṣùbáà tán, wọ́n á da ẹ̀pà sórí àtẹ, wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa ṣà á. Èyí tó hunjọ, wọ́n á yọ ọ́. Èyí tó dúdú, wọ́n á yọ ọ́. Èyí tó ti bu, tí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé wà lójú ibi tó ti là sí méjì, wọ́n á yọ ìyẹn náà. Wákàtí méjì gbáko. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iyanrìn tí wọ́n fi ń yan án á tó gorí iná.

Mẹkáníìkì kan wà tó máa ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìyá Múdà, ẹ̀pà ni àbí wúrà? Ẹ̀ ń wò ó lójú bí ẹni fẹ́ fẹ́ ẹ."

"Ẹnu ẹ ló máa jẹ ẹ́," wọ́n á ní. "Bó o bá fẹ́ èyí tí wọn ò ṣà, máa lọ síwájú. Wọ́n pọ̀ níbẹ̀."

"Ẹ má lé mi o, ìyàwó mi."

"Ìyàwó ẹ wà nílé tó ń dúró dè ẹ́, jàre. Gba ẹ̀pà ẹ."

Wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e.

Èyí tí wọ́n ṣà tì ńkọ́? Wọn kì í dà á nù. Mi ò rí i rí kí màámi da ẹ̀pà nù. Wọ́n ní ẹni tó bá da oúnjẹ nù, ebi á wá a wálé. Abọ́ tánganran kan wà tí wọ́n ń kó àṣàtì sí. Tí wọ́n bá yan tọjà tán, wọ́n á yan àṣàtì lọ́tọ̀. Òun ni wọ́n fi ń mu gààrí lọ́sàn-án. Àwa ọmọ, ẹ̀pà gidi ni wọ́n ń bù fún wa. Bí mo bá na ọwọ́ sí abọ́ yẹn, wọ́n á gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ìyẹn korò. Oògùn tèmi ni."

"Oògùn kí ni?"

"Jẹ̀díjẹ̀dí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ṣúgà ni gbogbo nǹkan yín. Ṣé ewúro ò korò? Ṣé dongoyárò ò korò? Ta ni wọ́n pa?"

Mo gbà. Ta ni ò ní gbà? Nílé wa, ohun tó bá korò, oògùn ni. Àgbo tí ò bá korò, a ó ní kò mú. Bẹ́ẹ̀ ni màámi ṣe ń jẹ àṣàtì lójoojúmọ́. Tí gààrí bá tán nínú ife, wọ́n á ju èyí tó kù nínú abọ́ sẹ́nu, wọ́n á fajú ro, wọ́n á ní ara àwọn ti fúyẹ́.

Alhájì Babárìndé ló ń ta ẹ̀pà fún wọn. Ìsọ̀ ńlá tirẹ̀ wà lọ́nà Ìgándò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà, agboolé rẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ti màámi. Wọ́n jọ kéwú lábẹ́ àfáà kan náà. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló dúró tì wá. Òun ló gbé àpò ẹ̀pà àkọ́kọ́ fún màámi pé kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn látìgbà náà. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀pà ọjà Egan gbẹ dáadáa, màámi á ní, "Ẹni tó gbé mi dìde ni kí n wá kẹ̀yìn sí?"

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àpò tó ń wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìlà. Ìlà méjì, ọ̀dà pupa, ó dábùú ikùn àpò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí màámi bi í. Èmi ni mo sọ àpò náà kalẹ̀.

"Alhájì, ìlà wo nìyí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Tìẹ nìyẹn, Sìdí. Mo ń sàmì sí i kí àwọn ọmọ wọ̀nyí má baà gbé e fún ẹlòmíràn. Tìẹ ni mo kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀."

"Ọlọ́run á san án fún yín."

Wọ́n fi ìlà yẹn yangàn. Bí àwọn ẹlẹ́pà yòókù bá yà, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, tèmi lọ́tọ̀ ni." Bí àpò bá ṣófo, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gán an. Òun la fi ṣe ìkélé balùwẹ̀. Òun la tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Òun la fi bo ibi ìdáná nígbà òjò. Ibi tó o bá yíjú sí nílé wa, ìlà pupa ni.

Àṣàtì pọ̀ sí i láti ìgbà náà. Mo rí i. Abọ́ kan ò gbà á mọ́. Wákàtí méjì di mẹ́ta. Màámi ní bóyá òjò ló bá ẹ̀pà lókè ọ̀hún. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Mo ń gbé irin ìrẹ́lé mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà òjò tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Oúnjẹ ò wù wọ́n. Ojú wọn pọ́n, ìtọ̀ wọn pọ́n. A ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Mubarakah se àgbo, wọ́n mu ún. Kò lọ. Nígbà tí ikùn wọn wú, tí ẹsẹ̀ wọn ò wọ bàtà mọ́, mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Hope. Òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n ya àwòrán ikùn wọn.

"Bùrọ̀dá, ẹ̀dọ̀ ni. Ó ti jìnnà gan-an." Ó wá ní, "Ṣé wọ́n ń mu ọtí?"

"Mùsùlùmí ni wọ́n."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín."

"Rárá. Wọn ò fẹnu kàn án rí."

Ó ní wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún àwọn kòkòrò tó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọn ò rí ọ̀kan. Ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe. Mo sọ fún un.

"Ẹ̀pà. Èyí tó bá bu, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Lójoojúmọ́. Oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni wọ́n pè é."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló là á yé mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní èbu yẹn ń yọ májèlé sínú ẹ̀pà. Iná kì í pa májèlé náà. Yan án, sè é, lọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló wà. Kì í pa ènìyàn lọ́jọ́ kan. Ẹ̀dọ̀ ló ń jẹ, díẹ̀díẹ̀, ọdún lórí ọdún. "Mi ò lè búra pé òun ló ṣe èyí o. Kò sẹ́ni tó lè búra. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi, òun ni ọkàn mi lọ sí."

Mo padà sẹ́bàá ibùsùn. Mo sọ fún màámi. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.

"Ẹ̀pà?" wọ́n ní. "Ẹ̀pà tèmi?"

Wọ́n kọjú sí ògiri.

"Ṣé mo ta èyí tó bu fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, màámi. Ẹ̀ ń ṣà á."

"Alihamudulilahi."

Ọjọ́ kẹsàn-án tí mo gbé wọn dé ilé ìwòsàn ni wọ́n kú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ọtí. Mo wà lẹ́yìn fèrèsé. Ìyá Charity, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, wà nídìí ẹ̀rọ omi, òun àti obìnrin ilé kejì.

"Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀dọ̀ kẹ̀! Ọtí ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí àbúrò mi ọkùnrin ṣe lọ nìyẹn, ikùn yìí náà ló wú."

"Ìyá Múdà tó ń kírun?"

"Ìrun kọ́, ìrù ni. Kí lẹ rò pé ó wà nínú ife tó máa ń gbé dání lọ́sàn-án, tó máa ń fajú ro bó bá mu ún tán? Páràgà ni, jàre. Ẹ̀yin lojú yín fọ́."

Gààrí ló wà nínú ife yẹn.

Ní fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ilé wa. Ó ti dé Ìdímù. Àwọn ẹlẹ́pà ẹgbẹ́ wọn wá, ṣùgbọ́n wọn ò wò mí lójú. Àfáà wàásù. Lórí ọtí ló wàásù. Ó ní ẹni tó bá ń mu ún ní kọ̀rọ̀, Ọlọ́run ń rí i. Mubarakah dìde, ó wọlé. Èmi jókòó, nítorí èmi ni ọkùnrin ilé.

Alhájì Babárìndé wà níwájú, lórí àga. Mo lọ bá a lẹ́yìn àdúrà. Mo kúnlẹ̀.

"Alhájì, ẹ gbà wá. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n láti kékeré. Tí ẹ bá ní wọn ò mu ọtí, gbogbo ènìyàn á panu mọ́."

Ó mí kanlẹ̀. "Múdà, òkú ti lọ. Ẹnu ayé, ta ló lè dí i? Àti pé, ọmọ mi, ta ló mọ ohun tí opó ń fi pàrònú rẹ́ ní kọ̀rọ̀?"

Kò sọ pé wọ́n mu ún. Kò sọ pé wọn ò mu ún.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún un. Àṣàtì, èbu, ẹ̀dọ̀, gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

"Ó ń jẹ ẹ́?" ó ní. Ó tún un sọ. "Sìdí ń jẹ ẹ́?" Ó wá di èjìká mi mú. "Má sọ ìyẹn síta o. Ọjà tí Mubarakah fẹ́ gbà lo máa bàjẹ́. Ta ló máa ra ẹ̀pà lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ̀pà pa ìyá ẹ̀? Jẹ́ kó wà láàárín wa."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé tiwa ló ń rò.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ní kí wọ́n gbé àpò ẹ̀pà kan wá fún Mubarakah, kó fi gba ìdí ọjà màámi. Táyéwò ló gbé e wá nínú kẹ̀kẹ́. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tó ń bá Alhájì gbé ẹrù, kò mọ̀ wá rí. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó nu òógùn, ó wo ìkélé balùwẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lórí àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń sin adìyẹ ni?"

"Adìyẹ báwo?"

"Àpò ìdápadà ló kún ilé yín báyìí. Àní mo rò pé ẹ̀ ń lọ̀ ọ́ fún adìyẹ. Ìyẹn gan-an ò dára fún adìyẹ."

"Ìdápadà wo? Àmì tiwa nìyẹn."

"Àmì tiyín kẹ̀?" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Ilé iṣẹ́ ló ń fa ìlà yẹn. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ ọmọdé, tí Alhájì ń kó ẹ̀pà fún. Bí ẹ̀pà bá dé, wọ́n á bu díẹ̀ nínú àpò, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ omi kan, wọ́n á ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, bíi èyí táwọn obìnrin fi ń wo oyún. Bí bébà bá ní májèlé wà níbẹ̀, wọ́n á fi ọ̀dà pupa fà á, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e padà wá."

"Alhájì wá ń fi í ṣe kí ni?"

"Ó ní obìnrin kan wà tó ń rà á ní Ìkọ̀tún. Ó ní obìnrin yẹn mọ ẹ̀pà í ṣà ju ẹ̀rọ lọ, kò sí wàhálà—" Ó wo àtẹ màámi tó fi ara ti ògiri. "Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ìyá yín ni?"

Mo fún un lómi. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀ fún mi.

Ó ní kí ẹ̀pà tó wọ ẹ̀rọ tó ń yọ èèpo rẹ̀, wọ́n á wọ́n omi sí i, kó má baà fọ́. Omi náà ń mú un wúwo. Kò tíì gbẹ tí wọ́n á fi dì í. Bó bá dé ìsọ̀ Alhájì, orí sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń tò ó sí, àpò lórí àpò, kò sí igi lábẹ́, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé. Nígbà òjò, tó o bá ki ọwọ́ bọ àárín àpò, ó ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá lẹ́ẹ̀kan rí, wọ́n kọ́ wọn: ẹ má wọ́n omi, ẹ sá a títí á fi máa dún pẹkẹpẹkẹ nínú èèpo, ẹ to igi sábẹ́ àpò, èyí tó bá bu, ẹ sun ún. Alhájì fún wọn lómi tútù mu, ó ní òun ti gbọ́. Èyí tó ń kó lọ sílé iṣẹ́ nìkan ló wá ń sá, nítorí bébà yẹn.

Màámi ò ní bébà. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n ní.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà. "Tìẹ ni mo kọ́kọ́ ń yà sọ́tọ̀." Kò parọ́. Ó yà á sọ́tọ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí Mubarakah dé, mo sọ fún un. Kò sunkún. Ó ní, "Ó mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ó sì jókòó tí wọ́n fi ń wàásù ọtí?"

"Ó jókòó."

Ó fa àpò tuntun náà jáde fúnra rẹ̀. Èmi gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé. A da ẹ̀pà sí i, a da karosíìnì lé e, a ṣáná sí i, a bò ó mọ́lẹ̀. Ó nira fún wa. A ò da oúnjẹ nù rí. Nígbà tó ku ìsàlẹ̀ àpò, Mubarakah bù ú sọ́wọ́, kò lè jù ú. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń lọ ra ọjà ní Egan. Á mi ẹ̀pà sétí, á gé e jẹ, á sá a sóòrùn kó tó ṣà á. Àṣàtì ń wọ iná.

Aládùúgbò kan ní kí n pe Alhájì lẹ́jọ́. Ẹjọ́ kọ́ ni mo fẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó dìde níwájú àwọn tó gbọ́ ìwàásù yẹn, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé màámi ò mu ọtí. Bí èmi bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọmọ ló ń gbèjà ìyá rẹ̀. Òun ni wọ́n máa gbà gbọ́.

Mo kọ́kọ́ lọ bá a nísọ̀, torí àgbà ni. Ó ń jẹ obì.

"Alhájì, ìlà pupa yẹn. Mo ti mọ ẹni tó ń fà á."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

"Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tu obì dànù. "Múdà, gbogbo ọjà ló ń ṣe é. Ṣé kí n da odindi àpò ẹ̀pà sí kòtò ni? Ìyá ẹ mọ ẹ̀pà í ṣà. Mo mọ̀ pé kò ní ta èyí tó bu fún ẹnikẹ́ni láéláé. Ìdí tí mo fi ń gbé e fún un nìyẹn. Ọwọ́ ẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

"Ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Àwọn gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu yín."

"Mi ò mọ̀ pé ó ń jẹ ẹ́. Mo fi Kùránì búra."

Mo gbà á gbọ́. Títí dòní ni mo gbà á gbọ́. Kò mọ̀.

"Lọ́jọ́ kẹjọ, mo sọ fún yín. Ìgbà yẹn, ẹ ti mọ̀."

Ó mú obì mìíràn, ó ń là á.

"Fìdáù ogójì ọjọ́ ku ọjọ́ mẹ́fà," mo ní. "Ẹ má sọ ti ẹ̀pà bẹ́ ò bá fẹ́. Ẹ ṣáà sọ pé wọn ò mu ọtí."

Ó mi orí. "Bí mo bá ní kì í ṣe ọtí, wọ́n á bi mí pé kí wá ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Ó ti rò ó dáadáa. Ó ti wo orúkọ màámi àti ọjà rẹ̀, ó sì ti mú ọ̀kan.

Ní ogójì ọjọ́, a ta àtíbàbà. Kí àwọn èrò tó dé, mo tú ìkélé balùwẹ̀. Mo kó ti ẹnu ọ̀nà, mo kó èyí tó wà nídìí iná, mo na okùn sí ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, mo sá gbogbo wọn sórí rẹ̀. Ìlà pupa kọjú sí èrò.

Ìyá Charity ló kọ́kọ́ pariwo. "Múdà! Àkísà balùwẹ̀ níwájú Àfáà? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ máa gbọ́."

Alhájì wọlé pẹ̀lú agbádá funfun. Ó rí àwọn àpò. Ó dúró. Ó fẹ́ padà, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń kí i, wọ́n ti gbé àga fún un. Ó jókòó.

Kí Àfáà tó bẹ̀rẹ̀, mo dìde. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ í sọ láwùjọ. Mo ní ẹ̀dọ̀ ló pa màámi, òótọ́ ni. Mo sọ ohun tí wọ́n fi ń mu gààrí. Mo nawọ́ sí ìlà pupa, mo sọ ibi tó ti wá. Mo ní, "Àfáà, ẹ wàásù ọtí lórí ìyá mi. Ẹ bi Alhájì bóyá wọ́n mu ún."

Àfáà wo àpò, ó wo Alhájì.

"Alhájì, ẹ dá ọmọ yìí lóhùn."

"Àfáà, ọ̀rọ̀ ọmọdé—"

"Ẹ dá a lóhùn."

Alhájì wo ilẹ̀. "Sìdíkátù kò mu ọtí," ó ní.

"Ẹ̀pà yẹn ńkọ́?" Mẹkáníìkì ló bi í, láti ẹ̀yìn.

"Gbogbo ọjà ló ń ṣe é."

Ẹkún gba ẹnu àwọn ẹlẹ́pà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun náà ti jẹ àṣàtì láti ìgbà tóun ti wà ní wúńdíá. Àfáà ní kí màámi forí jì òun. Alhájì dìde. Bàtà rẹ̀ wà láàárín bàtà àwọn èrò lẹ́nu àtíbàbà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ni ì bá sáré lọ gbé e síwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló bẹ̀rẹ̀, òun ló wá a, ó sì pẹ́ kó tó rí ẹsẹ̀ kejì.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Charity kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní, "Múdà, ẹnu mi ló ṣì sọ. Ẹ forí jì mí." Mo ní mo ti gbọ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi: "Kì í ṣe ọtí o! Ẹ̀pà ni! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣe é!" Ohùn tó fi sọ ti páràgà náà ló fi sọ ọ́.

Orúkọ màámi ti mọ́. Mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó níbi iṣẹ́, tí mo bá ń to búlọ́ọ̀kù. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló sọ. Kò gbà á ju èémí kan lọ. Ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kúnlẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Òun nìkan ni. Ó ti rù. Ó dúró, ó ń wò mí, ó ń retí. Wọ́n kọ́ mi láti kékeré pé bí mo bá rí àgbà, kí n dọ̀bálẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀tá. Màámi ló kọ́ mi.

Mi ò kí i. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé lọ kírun.